Ìwé Mẹ́ta, Orúkọ Mẹ́ta, Bàbá Kan: Wíwá Orísun Ìdílé ní Ìlá-Ọ̀ràngún

Nínú àpótí páànù kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá mi ni mo ti rí ìwé mẹ́ta tó jẹ́ ti bàbá tó bí wọn. Àkọ́kọ́ jẹ́ káàdì ìrìbọmi. Ìkejì jẹ́ rìsíìtì owó orí tí ikán ti jẹ létí. Ìkẹta jẹ́ ìwé ìbúra ọjọ́ orí tí bàbá àgbà ṣe ní kóòtù nígbà tí wọ́n fẹ́ wọ iṣẹ́ ìjọba. Ẹnì kan ṣoṣo ló ni ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àmọ́ orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà lára wọn. Káàdì ìrìbọmi ní 1914 ni wọ́n bí wọn. Ìwé ìbúra ní 1925 ni.

Ọdún mọ́kànlá! Ẹni tó bá mú ìwé méjèèjì dání láìmọ ìdílé wa yóò búra pé ènìyàn méjì ni.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tí wọ́n bí sí Houston ló sún mi dé ìdí àpótí yẹn. Ó tutọ́ sínú ike kékeré kan, ó fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tó ń yẹ DNA wò, èsì sì dé pé ọmọ Nàìjíríà ni, pẹ̀lú ìpín díẹ̀ láti Benin àti Togo. Ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: "Bùrọ̀dá, ohun tí mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n gba owó mi tí wọ́n tún sọ fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló bí bàbá àgbà yín? Ìyá wọn ńkọ́, kí ni wọ́n ń jẹ́?" Ti bàbá, mo mọ̀ ọ́n. Ti ìyá, n ò mọ̀. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, mo lè ka orúkọ àwọn mọ́kànlá tó gbá bọ́ọ̀lù fún Arsenal ní 2004 láìwo ìwé, síbẹ̀ n ò mọ orúkọ ìyá tó bí bàbá bàbá mi.

Ohun tó tún wá ń dun ọmọ náà ni pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní yunifásítì, tí àwọn òbí rẹ̀ àgbà ṣí wá láti Latvia, ti ka ìran tirẹ̀ padà dé nǹkan bí ọdún 1800 láàárín òpin ọ̀sẹ̀ méjì. Orí kọ̀ǹpútà ló jókòó sí. Kò wọ ọkọ̀, kò bi àgbàlagbà kankan léèrè.

Kí ni Latvia ní tí Ìlá ò ní? Mo lọ wò ó.

Orílẹ̀-èdè kékeré ni, létí Òkun Baltic, gbogbo ènìyàn ibẹ̀ kò tó mílíọ̀nù méjì. Ilé tí ìjọba wọn ń kó ìwé ìtàn pamọ́ sí ti ya àwòrán àwọn ìwé ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ìsìnkú tí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì fi ọwọ́ kọ láyé àtijọ́, wọ́n sì kó o sórí ìkànnì kan tó ń jẹ́ Raduraksti. Ọ̀fẹ́ ni. Àwọn ìwé tí ìjọba ọba Rọ́ṣíà fi ń ka àwọn tó gbọ́dọ̀ san owó orí náà wà, ilé sí ilé, bàbá, ọmọ, ìyàwó.

Àmọ́ ibi tó ti bá mi lára mu nìyí. Títí di nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, púpọ̀ nínú àwọn àgbẹ̀ Latvia ò ní orúkọ ìdílé rárá. Ẹrú orí ilẹ̀ ni wọ́n, lábẹ́ àwọn ọlọ́lá Jámánì tó ni oko. Wọ́n tú àwọn ti Courland sílẹ̀ ní 1817, wọ́n tú àwọn ti Livonia ní 1819, ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó ní kí olúkúlùkù mú orúkọ ìdílé kan. Ṣáájú àsìkò náà, orúkọ àbísọ àti orúkọ oko tí ènìyàn ń gbé ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ń wá ìran rẹ̀ níbẹ̀ tó sì dé àwọn ọdún 1820, orúkọ ìdílé ò wúlò fún un mọ́. Orúkọ oko ni kọ́kọ́rọ́ tó kù lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo rẹ́rìn-ín. Àwa náà ṣáà ní irú kọ́kọ́rọ́ yẹn: agbo ilé.

Ọmọ ilé wo ni ọ́?

Bí ẹ bá wọ Ìlá lónìí tí ẹ kí àgbàlagbà kan lójú ọ̀nà, kò ní bi yín ní sọ́nẹ́ẹ̀mù. "Ọmọ ilé wo ni ọ́?" ni yóò béèrè. Orúkọ agbo ilé lè pẹ́ ju ìrántí gbogbo ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ lọ. Orúkọ ìdílé tó wà lórí sátífíkéètì WAEC yín ńkọ́? Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ayé bàbá àgbà ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ní January 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọmọ sì ya bo ilé ìwé káàkiri. Kò sí ìwé ìbí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Tíṣà á ní kí ọmọ na ọwọ́ kọjá orí. Bí ìka rẹ̀ bá ti kan etí òdìkejì, ó ti tó wọlé nìyẹn. Ó wá kan orúkọ. "Kí lorúkọ bàbá ẹ?" Ọmọ á dá orúkọ ẹni tó mú un wá. Ẹni yẹn lè jẹ́ bàbá rẹ̀ lóòótọ́, ó lè jẹ́ bàbá àgbà, ó sì lè jẹ́ àbúrò bàbá tó ń gbé ní Òṣogbo. Bí ọmọ bàbá kan náà mẹ́ta ṣe di onísọ́nẹ́ẹ̀mù mẹ́ta nìyẹn o, tí àwọn ọmọ wọn sì lè pàdé nínú ọkọ̀ láìmọ̀ pé ẹbí ni àwọn.

Ìsìn náà dá tirẹ̀ sí i. Ẹni tó ń jẹ́ Fágbèmí wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó di Olúgbèmí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba Ìsìláàmù, ó di Búráímọ̀, tó jẹ́ Ibrahim lẹ́nu Yorùbá. Uthman ni Súmọ̀nù, Abdul-Hamid ni Lámídì. Akọ̀wé tó bá sì jókòó sídìí ìwé, ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ ló máa kọ, láìsí àmì ohùn. Nítorí náà, tí ẹ bá ń wá orúkọ kan nínú ìwé àtijọ́, ẹ wá a ní oríṣi mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ẹ pè é sókè lọ́nà tí òyìnbó á gbà pè é, kí ẹ wá kọ ohun tí ẹ gbọ́. Ó máa ń ṣiṣẹ́ ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Bí mo ṣe wá lóye ìwé inú àpótí nìyí. Lórí káàdì ìrìbọmi, orúkọ Bíbélì ló ṣáájú, orúkọ bàbá wọn ló tẹ̀ lé e. Lórí rìsíìtì, oríkì wọn ni, ìyẹn orúkọ ìkẹ́ tí wọ́n ń pè wọ́n nílé, pẹ̀lú orúkọ agbo ilé, torí pé ọwọ́ baálé ni owó orí ń gbà kọjá nígbà náà. Lórí ìwé ìbúra, "Fá" ti di "Olú". Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló tọ̀nà. Ká ní n ò mọ orúkọ agbo ilé wa ni, n kì bá tí lè so wọ́n pọ̀.

Ìlá wo, àwọn wo?

Kẹ́ ẹ tó dé ilé ìpamọ́ ìwé kankan, oríkì orílẹ̀ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà sílẹ̀. Àdírẹ́sì ni oríkì orílẹ̀. Ó máa ń dárúkọ ìlú tí ìran yín ti ṣẹ̀ wá, kódà bí ó ti pẹ́ tí ẹ ti kúrò níbẹ̀. Karin Barber, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, gbé ní Òkukù tí kò jìnnà sí Ìlá ní àwọn ọdún 1970, ó kọ́ oríkì níbẹ̀, ó sì kọ ìwé lórí rẹ̀ ní 1991. Ohun kan tó fi hàn dáadáa ni pé àwọn obìnrin ilé, àwọn ìyàwó tó ti ilé mìíràn wá, ló sábà máa ń mọ oríkì ilé ọkọ wọn jù. Ẹ má ṣe jókòó ti baálé nìkan! Ìtàn wà lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin, oríkì wà lọ́wọ́ àwọn obìnrin, ọ̀kan ò sì pé láìsí èkejì. Oríkì á sọ̀rọ̀ kúkurú, á fò, á pa nǹkan mọ́ra. Ìtàn ló ń tú u.

Ìmọ̀ràn kékeré kan: ẹ má ṣe dá ìyá dúró láàárín oríkì láti béèrè ìtumọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kì í tán, kí fóònù gbà á sílẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ wá tan ohùn náà padà fún wọn, kí ẹ máa béèrè ní díẹ̀díẹ̀. Mo dá Màmá Ìlá dúró nígbà àkọ́kọ́, ó bọ́ mọ́ wọn lẹ́nu, wọ́n ní ká lọ jẹun ná.

Tí oríkì bá wá dárúkọ Ìlá, ẹ má tíì yọ̀. Ìlá ju ẹyọ kan lọ. Ìtàn ní Ìlá-Yàrà ni wọ́n wà tẹ́lẹ̀ kí ìjà ọmọ ọba tó tú wọn ká. Arútú Olúòkun kó àwọn tirẹ̀ lọ sí Ìlá-Ọ̀ràngún, Apákíìmọ́ kó àwọn tirẹ̀ lọ sí Òkè-Ìlá. Nǹkan bí kìlómítà 12 ló wà láàárín ìlú méjèèjì, Ọ̀ràngún sì wà ní ìkọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ̀yin tí bàbá yín kàn sọ pé "ará Ìlá ni wá" láì sọ síwájú sí i, ẹ bi wọ́n.

Ogun náà tún tú ènìyàn ká. Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Nínú àdéhùn tí wọ́n ṣe ní 1886, wọ́n fi Òtan, Ìrèsì, Àdá àti Ìgbájọ sábẹ́ Ìbàdàn, wọ́n sì ní ẹnikẹ́ni tí kò bá fẹ́ lè kó kúrò níbẹ̀. Ẹ rò ó wò: ìlà kan lórí ìwé, odindi ìdílé á di ẹrù. Bí oríkì yín bá ń dárúkọ ìlú kan tí ẹ kò ní ẹbí kankan níbẹ̀ mọ́, irú nǹkan báyìí ló lè fà á.

Èyí tó wá kan ìwé jùlọ ni ààlà. Nígbà tí òyìnbó pín ilẹ̀ yìí sí Àríwá àti Gúúsù, ààlà wọn gba àárín Ìgbómìnà kọjá. Ìlá àti Òkè-Ìlá bọ́ sí Gúúsù, lábẹ́ Oyo Province. Òmù-Àrán, Ìsin, Àjàṣẹ́-Ìpo àti àwọn yòókù bọ́ sí Àríwá, lábẹ́ Ilorin Province. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ní Ìgbómìnà ni pé orúkọ wa wá láti ara ogbó, àdá tí Odùduwà fún Ajagùnnlá, tó mọ ọ̀nà lọ tó sì mọ̀ ọ́n bọ̀. Òyìnbó tó fa ìlà yẹn ò ní ogbó lọ́wọ́ o. Ohun tó já sí fún ẹni tó ń wá ìran rẹ̀ ni pé ìwé ẹ̀gbọ́n wà ní Ìbàdàn, ti àbúrò wà ní Kàdúná.

Ọdún tí lúkúlúkú jà

Ẹ jẹ́ ká padà sí 1914 àti 1925. Òfin tó mú ìforúkọsílẹ̀ ọmọ tuntun ní dandan káàkiri Nàìjíríà, tí National Population Commission ń ṣe, 1992 ni wọ́n ṣe é. Ṣáájú ìgbà náà, àwọn àgbà ń ka ọdún pẹ̀lú ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì dùn mọ́ mi nínú pé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì lè bá wa yẹ díẹ̀ nínú wọn wò.

Màmá Ìlá ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, àwọn nìkan ló kù nínú ọmọ bàbá àgbà tó ṣì ń gbé ilé. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ orí. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ ọ́n, pé ṣùgbọ́n ọmọ ọwọ́ làwọn lọ́jọ́ tí ọ̀sán dòru, tí adìyẹ wọ ilé lọ sùn. Mo kọ́kọ́ rò pé àlọ́ ni. Ó tó alẹ́ kí n tó rántí wo àkọsílẹ̀ àwọn onímọ̀ ojú ọ̀run: ní May 20, 1947, òṣùpá bo oòrùn pátápátá, òjìjì rẹ̀ sì gba Liberia, Ivory Coast, Ghana, Togo, Benin àti Nàìjíríà kọjá. Ọ̀sán ni. Bí mo ṣe mọ̀ pé 1946 tàbí ìbẹ̀rẹ̀ 1947 ni wọ́n bí Màmá nìyẹn.

Àwọn ni ọmọ kẹta. Bí wọ́n bá bí bàbá àgbà ní 1925, á jẹ́ pé wọ́n ti bí ọmọ mẹ́ta nígbà tí wọ́n pé ọdún méjìlélógún. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ó fura. Mo wá béèrè nípa ìyá bàbá àgbà.

Màmá dákẹ́ díẹ̀. "Lúkúlúkú ló pa wọ́n. Bàbá ò mọ ojú ìyá wọn dáadáa."

Lúkúlúkú ni àrùn tó jà káyé ní 1918. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé e wọ Èkó ní September ọdún náà, ọkọ̀ ojú irin, tó ti dé Òṣogbo láti 1907, sì bá a gbé e wọ inú ilẹ̀. Bí ìyá bá kú ní 1918, kò lè bímọ ní 1925. Ọ̀rọ̀ ti parí. 1914 ló súnmọ́ òótọ́. Bàbá àgbà gé ọdún kúrò lórí ọjọ́ orí wọn kí wọ́n lè ríṣẹ́, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe dòní. Ìwé tí wọ́n búra sí ní kóòtù ló purọ́. Ohun tí ìyá àgbà kan rántí láì kọ ọ́ sílẹ̀ ló sọ òótọ́.

Tí ẹ bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ẹ bi àwọn àgbà yín ní ibi tí wọ́n dàgbà dé nígbà tí ilé ìwé ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1955, nígbà wẹ́tìẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọwọ́ ọ̀tún ní April 1972, nígbà tí náírà dé ní January 1973.

Ẹni tí kò bá jà, ìwé ò mọ̀ ọ́n

National Archives ti Ìbàdàn wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Dike, onímọ̀ ìtàn, ló lọ káàkiri ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 láti wo bí ìwé ìjọba ṣe ń jẹrà, ohun tó rí ló sì bí ilé ìpamọ́ náà ní 1954. Àwọn fáìlì tó kan Ìlá àti àyíká rẹ̀, abẹ́ Oyo Prof àti Oshun Div ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn. Ìwé atọ́ka ni ẹ máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò, ẹ ó kọ nọ́ńbà fáìlì, wọn á bá yín gbé e wá. Kò sí Google níbẹ̀. Ẹ mú sùúrù lọ.

Ẹ má retí àkójọ ìdílé o. Ìjọba amúnisìn ò bìkítà nípa ẹni tó bí yín. Owó orí, oyè, ilẹ̀ àti ẹjọ́ ló ká wọn lára. Ní àwọn ọdún 1930, àwọn òyìnbó ajẹ́lẹ̀ kọ ìròyìn gígùn lórí ìtàn àti ètò ìjọba ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá. Ẹnu ọba àti ìjòyè ni wọ́n sì ti gbọ́ ọ, nítorí náà ilé tí kò sí níjòókòó lọ́jọ́ náà lè má rí ara rẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ìwé ẹ̀sùn ni mo fẹ́ràn jù. Àwọn ará ilé kan á gba akọ̀wé kan, á bá wọn kọ lẹ́tà sí ajẹ́lẹ̀ pé ilé kejì gba oko àwọn, wọn á sì tẹ ìka tàbí kọ àmì X sí ìsàlẹ̀, orúkọ kọ̀ọ̀kan níwájú àmì kọ̀ọ̀kan. Àgbẹ̀ lásán, ẹni tí kò jẹ oyè rí, orúkọ rẹ̀ jókòó síbẹ̀. Ọjọ́ méjì ni mo lò. Orúkọ agbo ilé wa jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nínú ìjà ààlà oko.

Ẹ rántí pé orúkọ ìpínlẹ̀ náà ń yí: Ìlá wà lábẹ́ Western State láti 1967, Oyo State láti 1976, Osun State láti 1991. Ìwé tí wọ́n kọ "Oyo State" sí ní 1980 kò sọ pé ará Ọ̀yọ́ ni bàbá yín.

Ìwé tó wúlò jù lè má sí ní Ìbàdàn rárá. Ìwé ìrìbọmi wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì, rẹ́jísítà ilé ìwé wà ní ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà, pẹ̀lú orúkọ òbí àti agbo ilé. Ikán ń jẹ ẹ́, òjò ń kán sí i. Ilé ìwé kan tí mo dé, wọ́n ti fi rẹ́jísítà àwọn ọdún 1950 dá iná nígbà tí wọ́n ń tún ọ́fíìsì ṣe. Ọkùnrin tó sọ fún mi ò rí nǹkan burúkú níbẹ̀; ó ní ìwé náà ti gbó. Fóònù inú àpò yín lè ya àwòrán ojú ìwé igba láàárín wákàtí kan, bí ẹ bá bá wọn sọ ọ́ tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀.

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Ohun tó wà fún wa níbẹ̀ kò pọ̀ tó ti Latvia, àmọ́ kì í ṣe òfo. FamilySearch, tí ìjọ Mọ́mọ́nì dá sílẹ̀, jẹ́ ọ̀fẹ́, wọ́n sì ti ń rán ènìyàn lọ bá àwọn àgbà ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà mélòó kan, Nàìjíríà àti Ghana pẹ̀lú, láti gba ìtàn ìran sílẹ̀ lẹ́nu wọn. Bí ẹni yín bá jagun Burma, Commonwealth War Graves Commission ní ìkànnì tí ẹ lè fi orúkọ wá àwọn tó kú sógun. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ ṣá: wọ́n sábà máa ń fi ìlú ṣe sọ́nẹ́ẹ̀mù fún ọmọ ogun, Àjàyí ará Ìlá lè di "Ajayi Ila". Àjọ náà fúnra rẹ̀ sì gbà nínú ìròyìn kan ní 2021 pé, nínú ogun àgbáyé àkọ́kọ́, ó kéré tán 116,000 àwọn tó kú fún ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì, tí púpọ̀ wọn jẹ́ ọmọ Áfíríkà, ni wọn kò kọ orúkọ wọn sí ibi ìrántí kankan.

Àwọn kan tún wà tí wọ́n kó lọ tí wọn ò padà. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba àwọn ẹrú kan lójú omi, wọ́n sì kó wọn lọ sí Freetown. Irú ọ̀nà yìí ni Àjàyí Crowther gbà, tí wọ́n mú ní Òṣòògùn ní 1821, tí kò sì rí ìyá rẹ̀ mọ́ títí di 1846 ní Abẹ́òkúta. Akọ̀wé tó jókòó ní Freetown àti Havana kọ orúkọ, ọjọ́ orí àti gíga olúkúlùkù sílẹ̀. Orúkọ 91,491 ló wà lórí ìkànnì African Origins, gẹ́gẹ́ bí etí akọ̀wé ṣe gbọ́ wọn, wọ́n sì ń bẹ àwọn tó gbọ́ èdè pé kí wọ́n wá sọ irú orúkọ tó jẹ́. Ẹ wọ ibẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹ ó rí orúkọ tí ẹ mọ̀ dáadáa tó dàrú mọ́ akọ̀wé lọ́wọ́, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni wọ́n sì kọ síwájú rẹ̀.

DNA ńkọ́?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ò jẹ̀bi. Ìdajì DNA wa wá láti ọ̀dọ̀ bàbá, ìdajì láti ọ̀dọ̀ ìyá. Òbí àgbà kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bí ìdá mẹ́rin, ìyá tó bí bàbá bàbá mi á ní ìdá mẹ́jọ lára mi, ìyẹn 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Lára ọmọ náà, á jẹ́ nǹkan bí 6.25. Ìyá tí lúkúlúkú pa yẹn ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí wọ́n bí sí Houston.

Àmọ́ ta ló máa dá a mọ̀? Ilé iṣẹ́ DNA kì í ka ìlú lára itọ́. Ó ń fi tiyín wé ti àwọn tí ó ti mọ ìlú wọn. Nínú iṣẹ́ HapMap tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002, àwọn ẹni 90 ní Ìbàdàn, ìdílé 30, bàbá, ìyá àti ọmọ, ló fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, àwọn ni gbogbo onímọ̀ jíìnì lágbàáyé sì mọ̀ sí "Yorùbá" láti ìgbà náà. Wọ́n wúlò púpọ̀ fún ìmọ̀ àìsàn. Ṣùgbọ́n Ìlá àti Ìbàdàn, Ìlá àti Òmù-Àrán, wọ́n ti ń fẹ́ ara wọn láti ayébáyé, ìyàtọ̀ àárín wọn kéré jù fún irú àyẹ̀wò yẹn. DNA tí ìyá nìkan ń gbé fún ọmọ ò sì lè ràn wá lọ́wọ́ níhìn-ín, nítorí bàbá àgbà gbà á lára ìyá wọn, wọn ò sì lè gbé e fún ọmọ kankan.

Ohun tí DNA mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa ni kó so ẹni alààyè méjì pọ̀. Bí ọmọ bàbá kan náà mẹ́ta onísọ́nẹ́ẹ̀mù mẹ́ta bá ní ọmọ ọmọ nílẹ̀ òkèèrè tó ti tutọ́ sínú ike, wọ́n lè rí ara wọn. Kẹ́ ẹ tó tutọ́ tiyín, ẹ rántí pé ní 2023, àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì rí ìsọfúnni nǹkan bí mílíọ̀nù 6.9 oníbàárà 23andMe, ilé iṣẹ́ náà sì wọ gbèsè lọ sí kóòtù ní March 2025. Ẹ lè yí password padà. Ẹ ò lè yí DNA padà, kì í sì í ṣe tiyín nìkan.

Mo padà lọ bá Màmá Ìlá ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo gbé fóònù sórí àpótí ìjókòó, n ò sì dá wọn dúró lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n kì wá dé ibi kan tí n ò gbọ́ rí. Nígbà tí mo tan ohùn náà padà fún wọn, wọ́n ní ibẹ̀ yẹn kì í ṣe ti ilé wa. Ti ìyá bàbá ni. Bàbá àgbà fúnra wọn ló kọ́ ọ fún Màmá, torí pé kò sí obìnrin mìíràn nílé tó lè máa kì í.

"Ará ibo ni wọ́n, Màmá?"

"Ará Ìsin. Wọ́n ní àwọn èèyàn wọn wá wọn dé ibí lẹ́yìn ikú, wọn ò bá wọn."

Mo fi ohùn náà ránṣẹ́ sí Houston. Ìsin wà ní Kwara lónìí, abẹ́ Ilorin Province ló sì wà nígbà yẹn. Ìyẹn ni pé fáìlì wọn, bó bá wà, Kàdúná ló wà.

Ọmọ náà fèsì lóru: "Bùrọ̀dá, èló ni ọkọ̀ Kàdúná?"